Báàsì Ni, Kì í Ṣe Gìtá Lásán

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni. Orúkọ tí a bá fún ènìyàn ni yóò máa darí rẹ̀, òun náà ni yóò sì máa sọ bí àwọn ẹlòmíràn yóò ṣe bá a lò. Ọ̀rọ̀ orúkọ kì í ṣe ohun tuntun láàárín wa nínú ẹgbẹ́ yìí, nítorí pé orúkọ oyè, orúkọ àdúgbò àti oríkì ìdílé wà lára ohun tó kó wa jọ. Lónìí, mo fẹ́ gba ọ̀nà mìíràn wọ inú ọ̀rọ̀ náà, èyíinì ni iṣẹ́ orin tí mo ti ń fi ọwọ́ mi ṣe fún ohun tó lé ní ogún ọdún.

Ọmọ Ifẹ̀ ni mí, ọmọ àdúgbò Djama ní Atakpamé. Ohun èlò tí mo ń ta ni gìtá olóhùn ìsàlẹ̀, èyí tí àwa ní Tógò ń pè ní báàsì nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn Faransé ń pè é, tí àwọn ará wa ní Nàìjíríà sì ń pè ní béèsì. Mo ti ta á níbi ìsìnkú àti ìgbéyàwó, nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ní pápá àjọ̀dún àti ní ilé ijó alẹ́. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ibi wọ̀nyí tí òǹwòran kan kò ti fi orúkọ ohun mìíràn pè é.

“Gìtá” ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wí, wọn kì í fi nǹkan kan kún un. Ẹni tó bá fẹ́ fi hàn pé òun mọ̀ nípa orin a ní “gìtá sólò”. Mo ti gbọ́ “bánjò” rí, mo sì ti gbọ́ “gìtá àwọn ọkùnrin”, nítorí pé okùn rẹ̀ nípọn. Àwọn ọmọdé ni ojú wọn mú jù lọ. Wọn a dúró níwájú mi, wọn a ka okùn náà lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà ni ọ̀kan nínú wọn yóò wá sọ fún mi tàánútàánú pé, “Ẹ̀gbọ́n, okùn méjì ti já lára gìtá yín.” Gìtá tí wọ́n mọ̀ ní okùn mẹ́fà, tèmi ní mẹ́rin, nítorí náà ìṣirò wọn péye. Níbi ìgbéyàwó kan, ìyá àgbàlagbà kan ká owó sí mi lọ́wọ́ pé kí n fi ra okùn méjì tó kù, kí ojú má baà tì mí láàárín àwọn ẹgbẹ́ mi. Mo gba owó náà, mo tẹríba, mo sì dúpẹ́, nítorí pé oore ni ó fi ṣe, ọmọlúàbí kì í sì í kọ oore àgbà ní gbangba. Ní ẹnubodè kan ẹ̀wẹ̀, àpótí gígùn tí mo fi gbé e ni wọ́n kọ́kọ́ rí. Ẹni tó ń yẹ ẹrù wò béèrè bóyá ìbọn ni. Nígbà tí mo ṣí i, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Gìtá mà ni,” ó sì kọ “guitare” sínú ìwé rẹ̀. Láti orí ìbọn dé orí gìtá, ọ̀rọ̀ náà ti sún mọ́ òtítọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì dé ibẹ̀.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní 1961, Paul McCartney ti ẹgbẹ́ Beatles ra báàsì kan ní ìlú Hamburg, èyí tí ilé-iṣẹ́ Höfner ti Jámánì gbẹ́ ní ìrísí violin. Àwòrán ọkùnrin náà pẹ̀lú ohun èlò yìí ti yí gbogbo ayé ká. Síbẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ orin rẹ̀ lórí pé kí ni ó ń ta. Gìtá ni ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò wí.

Kí wá ni báàsì gan-an? Ṣáájú àárín ọ̀rúndún tó kọjá, ohun tó ń gbé ohùn ìsàlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ orin ijó ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ni báàsì onígi ńlá, èyí tó ga ju ènìyàn lọ, tí a ń dá dúró nílẹ̀ tí a sì ń fi ọwọ́ gbá mọ́ra bí òpó. Ó ṣòro láti gbé kiri, kàkàkí àwọn aláfẹ́fẹ́ a sì máa bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ní àwọn ọdún 1930, Paul Tutmarc ní ìlú Seattle ṣe irú rẹ̀ kan tí ó kéré, tó ń lo iná mànàmáná, ṣùgbọ́n kò tàn kálẹ̀. Ní 1951 ni Leo Fender ní Califonia gbé èyí tó pè ní Precision Bass jáde fún títà. Okùn mẹ́rin ni ó ní, a ń fi ìgbànú gbé e kọ́ èjìká bí gìtá, ó sì ní irin tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn rẹ̀, tó ń jẹ́ kí ìka bọ́ sórí ohùn tó yẹ láìṣìnà. Nítorí ìpéye yìí ni ó ṣe sọ ọ́ ní Precision.

Ẹ ó rí i pé aṣọ gìtá ni ó wọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ báàsì onígi ńlá ni. Bí a bá wọn okùn rẹ̀ láti ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n dé ibi tí ó parí sí, ó tó sẹ̀ńtímítà 86. Ti gìtá kò ju bíi 65 lọ. Okùn tó nípọn jù lọ lára gìtá ń gbọ̀n ní ìgbà 82 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ti báàsì ń gbọ̀n ní ìgbà 41 péré. Bí nǹkan bá ṣe ń gbọ̀n díẹ̀ sí i ni ohùn rẹ̀ ń wálẹ̀ sí i. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé àyà àti ẹsẹ̀ ni ènìyàn fi ń gbọ́ báàsì kí etí tó dá sí i.

Mo ti ronú púpọ̀ lórí ohun tó fà á tí àwọn ènìyàn wa kò fi dá a mọ̀, mi ò sì gbà pé àìgbọ́n ni. Ìdí àkọ́kọ́ ni rédíò. Nígbà tí mo wà ní kékeré, orí rédíò kékeré olóókùúta ni a ti ń gbọ́ orin Orchestre Poly-Rythmo ti Cotonou, àti jùjú tó ń wá láti Nàìjíríà. Gustave Bentho ni ó ń ta báàsì nínú Poly-Rythmo, ó sì wà nínú àwo orin wọn ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu rédíò wa kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, irú ẹnu bẹ́ẹ̀ kò sì lè ti afẹ́fẹ́ tó fún ohùn tó ń gbọ̀n ní ìgbà 41. A ń gbọ́ olórin, a ń gbọ́ fèrè, a ń gbọ́ agogo, a sì ń gbọ́ gìtá. Ti báàsì, òjìji rẹ̀ nìkan ni ó ń dé ilé wa. Lónìí, fóònù ti gba ipò rédíò, ẹnu rẹ̀ sì tún kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú ti rí báàsì ní ọ̀pọ̀ ìgbà, etí ni kò tíì bá a pàdé.

Ìdí kejì jinlẹ̀ ju èyí lọ, ẹnu onílù kan ni mo sì ti gbọ́ ọ. Ní ọdún kan, ẹgbẹ́ wa ṣeré ní Atakpamé ní àsìkò ọdún iṣu. Bàbá kan tó ti jẹ́ onílù nígbà èwe rẹ̀, tó sì ti ṣiṣẹ́ oko kòkó ní Nàìjíríà fún ọdún díẹ̀, fa àga rẹ̀ sún mọ́ mi nígbà tí a sinmi. Ó na ìka sí ohun èlò ọwọ́ mi.

“Ọmọ mi, ìlù rẹ yìí, ṣé ìyá ìlù ni àbí omele?”

Mo ní, “Bàbá, gìtá ni wọ́n ń pè é.”

Ó ní, “Mi ò béèrè ohun tí wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni mo béèrè.”

Mo ronú díẹ̀ kí n tó dáhùn. Mo ní, “Bàbá, ohùn ìyá ìlù ni ó ní, ṣùgbọ́n iṣẹ́ omele ni ó ń ṣe.”

Ó wò mí, ó mi orí. “Nígbà náà, ìyá ló ń di ilẹ̀ mú kí àwọn ọmọ lè ráyè sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ti yí i padà.”

Títí di òní, n kò tíì rí ẹni tó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ẹgbẹ́ dùndún, ìyá ìlù ni ó tóbi, ohùn rẹ̀ sì wúwo, òun ni ó ń sọ̀rọ̀, tó ń ki ènìyàn, tó ń pa òwe, tó sì ń darí oníjó. Gúdúgúdú ni ó kéré, ohùn rẹ̀ sì rinlẹ̀ sókè, òun ni ó ń dúró sójú kan tí ó ń tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ kí àwọn yòókù má baà ṣìnà. Àwọn Ewe tí a jọ ń gbé Atakpamé náà ní irú ètò yìí: nínú agbadza, sogo tí ohùn rẹ̀ wúwo ni ó ń darí, kaganu tí ohùn rẹ̀ ga ni kì í kúrò lójú kan. Etí wa ti kọ́ láti ìgbà ìwáṣẹ̀ pé ohùn tó wúwo ni ti àgbà, àgbà ló sì ni ọ̀rọ̀. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ onígìtá dé, gìtá olóhùn tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó ń sọ̀rọ̀, ohùn tó wúwo ni ó dúró sójú kan. Òǹwòran tó ń dúró de ìgbà tí báàsì mi yóò “kọrin” kò ṣe nǹkan tó burú. Ẹ̀kọ́ àwọn baba rẹ̀ ni ó fi ń gbọ́ mi.

Àwa náà sì ti ní ohun tó ń ṣe iṣẹ́ báàsì kí báàsì tó dé. Agídìgbo ni. Àpótí pákó ńlá tí a tẹ irin pẹlẹbẹ díẹ̀ mọ́ ní iwájú, tí alágídìgbo ń gbé ka itan tí ó sì ń fi àtàǹpàkò ta. Haruna Ishola lò ó nínú àpàlà rẹ̀, Fatai Rolling Dollar náà sì ta á nígbà tí ó wà láyé. Ẹni tó bá gbọ́ agídìgbo nínú àpàlà dáadáa yóò mọ̀ pé abẹ́ orin ni ó ń gbé, bí ìpìlẹ̀ ilé. Àwọn àgbà sì ti pa á lówe pé bí òwe bí òwe là ń lu agídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní ń jó o, ọ̀mọ̀ràn ní ń mọ̀ ọ́n. Nígbà tí òǹwòran kan bá wá bá mi pẹ̀lú orúkọ tí kò yẹ, tí mo sì rí i pé ó ti dàgbà, mo máa ń bi í pé, “Ṣé ẹ mọ agídìgbo?” Bí ó bá mọ̀ ọ́n, àlàyé mi ti parí.

Fela náà tún mú ọ̀rọ̀ yìí díjú. Nínú ẹgbẹ́ Africa 70, yàtọ̀ sí báàsì àti gìtá tó kù, ó tún ní èyí tó pè ní gìtá tẹ́nọ̀, tí Oghene Kologbo máa ń ta. Ohùn rẹ̀ wà láàárín ti báàsì àti ti gìtá, òun àti báàsì sì ń yí ara wọn po láìdúró. Ẹni tó ń gbọ́ ọ láti òkèèrè yóò rò pé ọwọ́ kan ṣoṣo ni. Ẹni tó bá mọ orúkọ méjèèjì nìkan ni yóò mọ̀ pé ènìyàn méjì ló ń làágùn níbẹ̀.

Ẹnì kan lè wí pé ọ̀rọ̀ yìí kò tó ohun tí à ń gbé pẹpẹ kọ, pé gìtá ni tàbí báàsì ni, ṣebí orin náà dùn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí orúkọ tí kò yẹ lè ná ènìyàn. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ìdílé kan ń múra ìsìnkú, wọ́n sì pe ẹgbẹ́ wa. Ẹni tó ń ṣètò owó fún wọn ka àwọn tó ń bọ̀, ó ní gìtá mẹ́ta ti pọ̀ jù, òun yóò san owó méjì. Olórí ẹgbẹ́ wa ṣàlàyé títí, ọkùnrin náà kò gbà. Gìtá ni gìtá ń jẹ́ lójú tirẹ̀. Bí mo ṣe jókòó láàárín àwọn òǹwòran ní alẹ́ ọjọ́ náà nìyẹn, pẹ̀lú ọwọ́ òfo.

Orin bẹ̀rẹ̀, ó sì ń lọ. Àwọn èwe jó. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá tó dìde lákọ̀ọ́kọ́ padà sórí àga wọn, ẹnikẹ́ni kò sì lè sọ ohun tó ṣe wọ́n. Ọkùnrin tó ń ṣètò owó tọ ẹni tó ni ẹ̀rọ agbóhùnsókè lọ, ó ní ẹ̀rọ rẹ̀ ti bàjẹ́, pé orin náà kò ní ara. Ìyẹn tú wáyà, ó tún un so, kò sí ìyàtọ̀. Níkẹyìn, olórí ẹgbẹ́ wa rán ọmọ kan sí ilé mi kí ó bá mi gbé báàsì wá. Mo so ó mọ́ ẹ̀rọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ta á, àwọn ìyá náà sì dìde. Inú ẹni tó ń ṣètò owó dùn gan-an. Ó fún oníẹ̀rọ ní owó kékeré kan lé e lórí, ó ní ó ṣeun tí ó tún ẹ̀rọ náà ṣe.

Ìdajì owó ni wọ́n san fún mi. Ohun tó dùn mí kì í ṣe owó náà nìkan. Wọ́n ti gbọ́ iṣẹ́ mi, wọ́n ti jó o, síbẹ̀ nítorí pé wọn kò ní orúkọ fún un, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ohun tí kò ní orúkọ kò ní ẹni tí a lè san owó rẹ̀ fún. Bí ó ti rí nìyẹn.

Ibi tí mo dé yìí ni ọ̀rọ̀ báàsì ti di ọ̀rọ̀ gbogbo wa. Ẹ̀yin ọmọ Ifẹ̀, ta ni kò mọ̀ pé Ana ni àwọn ẹlòmíràn ń pè wá? Ana ni ó wà nínú ọ̀pọ̀ ìwé tí àwọn aláwọ̀ funfun kọ nípa ilẹ̀ wa. Àwa ń pe ara wa ní Ifẹ̀, èdè wa ni Ifẹ̀, Ilé-Ifẹ̀ sì ni àwọn baba wa sọ pé àwọn ti wá. Orúkọ tí a fi ń pe ara wa gbé ìtàn yẹn sínú, orúkọ tí wọ́n fún wa kò gbé e. Bákan náà ni fún àwọn ìbátan wa jákèjádò ayé: Nagô ni wọ́n pè wọ́n ní Brazil, Lukumí ní Kúbà, Akú ní Sàró. Ẹni tó bá kà nípa Atakpamé nínú ìtàn ogun 1914 yóò bá Kamina pàdé níbẹ̀, ibi tí àwọn ará Jámánì kọ́ ilé-iṣẹ́ wáyálẹ̀sì ńlá wọn sí, tí wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn bà á jẹ́ ní òru ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ. Ó lè ka ìwé náà parí láìrí orúkọ àwọn tó ni ilẹ̀ tí wọ́n kọ́ ọ lé.

Àní ọdún iṣu wa pàápàá, “Odon-Itsu” ni wọ́n ń kọ ọ́ sínú ìwé Faransé. Ọmọ wa tí wọ́n bí sí ìlú Paris lè kà á ní ọ̀pọ̀ ìgbà láìmọ̀ pé ọdún àti iṣu ló wà níwájú òun. Nígbà tí àwọn oníjó tchébé bá sì gun igi gíga wọn, ojú gbogbo òǹwòran a gòkè lọ bá wọn. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ akin ni. Ṣùgbọ́n ìlù ni ó ń sọ fún wọn ibi tí ẹsẹ̀ igi yóò balẹ̀ sí, ẹnikẹ́ni kì í sì í béèrè orúkọ ìlù náà.

Nínú ọ̀rọ̀ ọba, a mọ ewu tó wà nínú kí a má dá ẹni mọ̀. Ní ààfin àwọn olóyè Ewe, tsiami ni ó ń sọ̀rọ̀ fún olóyè. Olóyè a sọ ọ́ jẹ́jẹ́, tsiami a gbé e síta kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́. Àlejò tí kò mọ àṣà lè yíjú sí tsiami kí ó sì máa kí i ní ọba, nítorí pé òun ni ohùn rẹ̀ ròkè. Ní ààfin àwọn ọba Yorùbá, onílù ni ó ń fi ìlù kéde ẹni tó ń wọlé, tí ó ń fi oríkì rẹ̀ kí i kí ó tó dé iwájú ọba. Bí onílù bá fi oríkì ìdílé kan ki ọmọ ìdílé mìíràn, ẹ̀sín ni fún ẹni náà àti fún ààfin pẹ̀lú. Àwọn baba wa kò fi ọ̀rọ̀ orúkọ ṣeré rárá. Iṣẹ́ kan wà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un, wọ́n sì fi ìlù lé ẹni tó ń ṣe é lọ́wọ́.

Báwo wá ni ó ṣe yẹ kí a ṣe sí òǹwòran tó ṣi nǹkan pè? Mo mọ àwọn tó ń ta báàsì tí wọ́n máa ń bínú. Mo mọ àwọn tó ń fi òǹwòran ṣe yẹ̀yẹ́ láàárín ara wọn lẹ́yìn iṣẹ́. Mo sì mọ àwọn tó ti rẹ̀, tí wọ́n kàn ń dáhùn pé, “Bẹ́ẹ̀ ni, gìtá ni.” Èyí tó kẹ́yìn yìí ni mo rò pé ó burú jù, nítorí pé ìbínú ṣì fi hàn pé ènìyàn mọ iyì ohun ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tó ti gbà kí wọ́n máa pe òun ní ohun tí òun kì í ṣe, ọmọ rẹ̀ ni yóò gbàgbé.

Ní tèmi, mo máa ń fi ọwọ́ òǹwòran kan ohun èlò náà. Bí ó bá jẹ́ ọmọdé, mo máa ń ní kí ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé pákó rẹ̀, kí ó sì fa okùn tó nípọn jù lọ. Ojú rẹ̀ á là, nítorí pé ohùn náà gba apá rẹ̀ gòkè. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń sọ orúkọ rẹ̀ fún un. Bí ó bá jẹ́ àwọn ọ̀dọ́ tó wá wo wa níbi ìdánrawò, mo máa ń sọ fún àwọn ẹgbẹ́ mi kí wọ́n máa bá orin lọ, kí èmi dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan. Nígbà tí mo bá tún wọlé, n kò ní láti ṣàlàyé mọ́. Ohun tí mo ti kọ́ ni pé orúkọ kì í wọ etí ẹni tí kò tíì gbọ́ iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kó gbọ́ iṣẹ́ náà ná, orúkọ yóò dúró lọ́kàn rẹ̀.

Mo fẹ́ fi ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta síwájú ẹgbẹ́ wa lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àkọ́kọ́, ní gbogbo ìgbà tí a bá gbé àwòrán ọdún tàbí ti ààfin síta, ẹ jẹ́ kí a yé kọ “tam-tam” sí abẹ́ gbogbo ìlù. Onílù wà láàyè; ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ orúkọ ìlù rẹ̀ ní èdè wa, ẹ béèrè iṣẹ́ tí ó ń ṣe àti àdúgbò tó ni ín, bóyá Gnagna ni, bóyá Djama, bóyá Woudou. Bí ìlù kan náà bá ní orúkọ méjì ní àdúgbò méjì, ẹ kọ méjèèjì.

Èkejì, ẹ má ṣe fi fóònù nìkan gba ohùn ìlù àgbà sílẹ̀ láti ẹ̀yìn èrò. Ohun tó ṣe báàsì nínú rédíò ayé àtijọ́ yóò ṣe ìlù náà: ohùn àwọn ìlù kéékèèké ni yóò kù, ti ìyá yóò sọnù. Ẹ gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ tó dára sún mọ́ ìlù tó tóbi jù. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní òkè òkun, bí a bá sì fi irú ohùn bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí yín, ẹ má ṣe gbọ́ ọ láti ẹnu fóònù. Ẹ so ó mọ́ sípíkà tó ní ẹnu ńlá, tàbí kí ẹ fi ohun ìgbọ́rọ̀ tó bo etí gbọ́ ọ, kí àwọn ọmọ yín lè gbọ́ ìyá ìlù gẹ́gẹ́ bí àwọn baba wọn ti gbọ́ ọ.

Ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ kí a kọ orúkọ àwọn tó ń di ilẹ̀ mú pẹ̀lú ìyọ̀ǹda wọn. Nínú ìwé ìrántí ọdún, a máa ń kọ orúkọ olóyè, ti àlejò pàtàkì àti ti olórin. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó lu ìlù kékeré tí kò kúrò lójú kan láti òwúrọ̀ títí di alẹ́ náà ṣiṣẹ́ ọdún. Bí a kò bá kọ orúkọ rẹ̀ lónìí, àwọn ọmọ wa yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ oníẹ̀rọ.

Kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀ àwọn olóyè wa. Kí ìlù má ṣe dákẹ́ ní Atakpamé, kí àwọn tó ń lù ú má sì ṣe di aláìlórúkọ lójú wa.